Ẹnì Kan Láti Ẹ̀yìn

Ògúnbánwò ń fi ẹ̀gbẹ́ rúlà ha ikán kúrò lára ìwé ọdún 1996 nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ní fún ìwé ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ọmọ ilé-ìwé ló ń kọ́ ní Odogbolu.

"Akọ̀wé, ṣé ọ̀run lẹ ń kó ìwé yín pamọ́ sí ni?"

Ìyá arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ògiri. Ògúnbánwò dìde, ó fa àga fún un.

"Ẹ kú ìnira àtẹ̀gùn, mà."

"Èmi ni Kúbúrátù tó ń ta abọ́ ní Òkè-Àje. Ìyá Yasir."

Ó ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ojú ọmọ náà ló wà lójú rẹ̀.

Òun àti Yasir jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Àtùpà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ní yunifásítì tí wọ́n ti kàwé. Ògúnbánwò ni akọ̀wé nígbà náà. Ní báyìí tí wọ́n ti kàwé jáde tipẹ́, òun náà ló ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ nínú yàrá kékeré yìí, lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lọ́dún 2003, ní nǹkan bí aago márùn-ún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣá akẹ́kọ̀ọ́ kan pa. Ẹnì kan dárúkọ Yasir mọ́ wọn. Yasir ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Àtùpà lòun wà lásìkò náà. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé béèrè rẹ́jísítà ẹgbẹ́, wọ́n wò ó, wọ́n sì lé Yasir kúrò ní yunifásítì.

"Mo fẹ́ rí ìwé ọjọ́ yẹn," ni Kúbúrátù wí. "Ikhlas, àbúrò rẹ̀, ló ń yọ mí lẹ́nu pé ká ṣe fìdáù, àdúà òkú, fún un. Ẹni tí òun àti Yasir jọ forí lé Líbíyà sọ pé ó kú lójú ọ̀nà, pé inú iyanrìn làwọn sin ín sí. Mo ní n kò ní pe áfáà sórí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ikhlas wá ní, 'Ìyá, ṣé ẹ rí ìwé náà?' N kò rí i. Lẹ́tà ilé-ìwé ni wọ́n kà fún mi."

Ògúnbánwò fa ìwé náà yọ. Ikán kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí i, ó yí i sọ́dọ̀ ìyá náà.

"Ilé kéú ni mo lọ. Bó o dojú ẹ̀ délẹ̀, bákan náà ni lójú mi. Kà á."

Ògúnbánwò fi ìka sí iwájú orúkọ Yasir. "Kò wá."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Alihamudulilaahi. Lọ́jọ́ tí mo gbé báàgì rẹ̀ síta, ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní òun wà níbẹ̀. Mo ní ìwé kì í parọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti ń jẹ mí. Ó ti tán báyìí." Ó fọwọ́ lé orúnkún, ó fẹ́ dìde.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, aago mẹ́rin géérégé ni wọ́n ń pe orúkọ. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò wá, ìbáà wọlé bí wọ́n ti ń pa rẹ́jísítà dé. Ògúnbánwò ló ṣòfin náà. Kò lè gbà kí wọ́n máa fi àkókò ṣòfò. Lọ́jọ́ yẹn, Yasir pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ń làágùn nígbà tó wọlé, ó lọ jókòó lẹ́yìn títí ìpàdé fi parí ní aago mẹ́fà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé mú ìwé wá, ó mú ìwé lọ. Wọn kò bi í ní nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń bẹ̀rù, wọ́n pa ẹnu mọ́. Ògúnbánwò kò pe tirẹ̀ ní ẹ̀rù. Ìlànà ló pè é.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà kò sọ ẹni tí yóò wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ ọ̀hún. Bí òun bá dákẹ́, ìyá yìí yóò fi ìbàlẹ̀ ọkàn sọ̀kalẹ̀, Yasir yóò sì wà nínú iyanrìn láìsí àdúà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó."

Ó padà jókòó.

"Ó wá. Ó pẹ́ ni. Lójú òfin wa, ẹni tó bá pẹ́ kò wá. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Mo rí i."

Ẹnu Ògúnbánwò ni Kúbúrátù ń wò.

"Nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ," ó ní, "ẹnu rẹ ńkọ́?"

Ògúnbánwò yí ojú padà sórí ìwé náà.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ìyá náà bi í.

Ó ṣí ewé kejì, níbi tí àkọsílẹ̀ ìpàdé wà. Ìkọ̀wé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, ó tò bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹni tí rẹ́jísítà bá ti ní kò wá, akọ̀wé kò lè kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí ewé méjèèjì má baà tako ara wọn.

"'Ẹnì kan láti ẹ̀yìn,'" ó kà, "'ní kí ẹgbẹ́ máa dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó pe orúkọ. Ó ní àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ìta ọgbà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó kín in lẹ́yìn. A kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.'"

"Èmi ni mo ní kó máa fẹsẹ̀ rìn," ni Kúbúrátù wí jẹ́ẹ́, "kó lè rówó ra ìwé." Ó tọ́ka sí ìwé náà. "Tún un kà."

Ó tún un kà. Bó ti dé ibi tí kò sí ẹni tó kín in lẹ́yìn, ìyá náà gbọ́wọ́ sókè.

"Ti ọmọ mi nìkan. Fi tiyín sílẹ̀."

Ògúnbánwò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìlà méjì péré ni. Ó kà á tán, ó gbé ojú sókè. Ìyá náà dẹ etí sílẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣì ku.