Aláriwo àti Ẹ̀gbà Fàdákà

"Ẹ gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀!" mo kígbe.

Orí ìjókòó ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, káfíńtà, wà nílé ìdáná. Ó di ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá wa mú, ó fẹ́ ha á bí ẹni ń ha ilẹ̀kùn.

Bàbá wa tó ti dolóògbé ló ra ẹ̀gbà náà. Wọ́n fín "Aláriwo mi" sí inú ẹ̀, torí bí màmá bá rẹ́rìn-ín láyé ìgbà yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ ní òpópónà kejì. Ẹ̀gbà náà ti wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ni aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ẹlẹ́nu-ò-sinmi, bá ní fàdákà gidi kì í dúdú, pé ayédèrú ni bàbá rà. Látọjọ́ náà ni màmá ti bọ́ ọ, tó sì dákẹ́. Lówùúrọ̀ yìí ló ní tí a ò bá lè mú un funfun, ká dà á nù.

"Mo máa mú un funfun," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ máa mú un funfun, ẹ máa ha ọ̀rọ̀ bàbá kúrò! Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kẹ́místrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo tẹ́ fọ́ìlì tí a fi ń wé oúnjẹ sínú abọ́, mo gbé ẹ̀gbà lé e, mo bu iyọ̀ àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, mo da omi gbígbóná lé e.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ fàdákà yín. Ojú ò lè rí i, ó kéré jù. Bó ṣe gbà á ló lẹ̀ mọ́ fàdákà, ni fàdákà bá dúdú. Fọ́ìlì lawọ́ ju fàdákà lọ. Á fún fàdákà ní tiẹ̀, imí-ọjọ́ á sì fi í sílẹ̀."

Màmá ń wo ibòmíràn.

Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ gba ilé. Ẹ̀gbọ́n mi di imú. "Ta ló só?"

"Imí-ọjọ́ ló ń lọ yẹn."

"Imí-ọjọ́ àbí imí gidi?"

Mi ò kúrò nídìí abọ́ náà. Nígbà tí mo fi ṣíbí gbé ẹ̀gbà jáde, ó ń dán gbinrin. Màmá gbà á, ó kà á jẹ́ẹ́: "Aláriwo mi." Ó wá fọwọ́ kan fọ́ìlì tó ti ṣú.

"Tiẹ̀ ló fún un tó fi rí báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Bàbá yín gan-an nìyẹn."

Ó ti ẹ̀gbà bọ ọwọ́, ó ṣí fèrèsé.

"Aránṣọ o! Aránṣọ! Jáde wá wo fàdákà ọkọ mi!"

Wọ́n gbọ́ ọ ní òpópónà kejì.