Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Péré Ni Mo Tọrọ

Èmi ni wọn ò gbà gbọ́ pé màá padà wálé? Èmi Màríyámọ̀? Àwọn tí wọn ò rí mi rí, wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní mo fẹ́ sá.

"Mummy, wọn ò fún yín ní físà. Wọ́n ní ẹ ò fi hàn pé ohun kan wà nílé tó máa mú yín padà." Abdulmujeeb, ọmọ mi, ló kà á fún mi láàárọ̀ yìí lójú fóònù ẹ̀. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ń kà á bí ẹni ń ka bíìlì iná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Kí n dé ọ̀dọ̀ Hidayat àbúrò ẹ̀ ní Kánádà, kí n gbé ọmọ tó bí, kí n padà. Kí ni màá jókòó ṣe nínú yìnyín? Ṣé ẹnì kan mọ̀ mí níbẹ̀ ni?

Wọ́n ní kò sí ohun tó máa mú mi padà. Ẹnu wọn gbà á. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta tòmátì ní Mile 12. Lọ́rì ò tíì dúró tán tí wọ́n á ti máa pe orúkọ mi. Mo ní ìsọ̀ —

Ó dáa, mo ti fi ìsọ̀ fún Bàrákátù, ìyàwó Abdulmujeeb. Orúnkún ni. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń yọjú síbẹ̀. Mo lọ ní Àlàmísì tó kọjá. "Mummy, ẹ jókòó síbí jàre, òòrùn ti le." Ó gbé àga fún mi, ó gbé mínírà tútù lé mi lọ́wọ́. Oníbàárà mi àtijọ́ kan dé, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó dìde, ó lọ bá Bàrákátù ná ọjà… Ìyẹn ò kan àwọn onífísà.

Kí n tiẹ̀ tú báàgì yìí ká. Oṣù tó kọjá ni mo ti dì í. "Mummy, físà ò tíì dé o," Bàrákátù ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó yá, kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ̀lùbọ́ Hidayat nìyí. Ata gbígbẹ. Ọṣẹ dúdú ọmọ. Ìró kan, méjì… mẹ́wàá. Ìró mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Òtútù ni, méjì méjì ni mo fẹ́ máa ró o. Fọ́tò bàbá wọn, kí ọmọ náà lè rí ojú bàbá ìyá ẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Kí ló tún wà nísàlẹ̀ yìí, nínú láílọ́ọ̀nù…

Aṣọ funfun. Èyí tí mo rà ní Mẹ́kà, tí mo fi omi sámúsámù fọ̀, tí mo ní kí wọ́n fi sin mí.

Ta ló ń gbé aṣọ ìsìnkú ẹ̀ lọ kí ọmọ tuntun?

Kì í ṣe Bàrákátù ló dì í. Ọwọ́ mi yìí náà ni. Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó dì í, mo rántí. Mo ti ilẹ̀kùn.

Àwọn onífísà ò parọ́ mọ́ mi.

Mo ká a padà sínú láílọ́ọ̀nù. Mo gbé e lé itan. Mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.