Ta Ló Ni Ilé Iṣẹ́ Òkúta?

Ọlọ́pàá Ìwé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Òun ló ń yẹ ìwé dúkìá àwọn aṣòfin wò, kí ẹni tó ń pín iṣẹ́ ìjọba má baà máa pín in fún ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ìwé aṣòfin tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀nà ló wà níwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ta òkúta fún gbogbo ọ̀nà tí bàbá náà ń buwọ́ lù. Ó ní kí àwọn tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fi orúkọ ẹni tó ni ín ránṣẹ́. Ìwé dé, ó ṣí i. Yéè! Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni, fọ́tò rẹ̀ lókè, ìbuwọ́lù rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gba fọ́tò àti ìbuwọ́lù lọ́wọ́ rẹ̀ rí láìsọ ìdí tó yè kooro: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, akọ̀wé aṣòfin yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó pè é, ẹ̀gbọ́n sì dé kíá, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ti báńkì ni."

"Ti báńkì náà ni. Ṣé owó kì í lọ sí báńkì ni?"

"Ẹ fi mí jalè!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Èmi tí mo rán ẹ níléèwé! Ọ̀gá mi ò lè lo orúkọ ara ẹ̀, èmi náà ò lè lo tèmi, wọ́n á tètè mọ̀. Ta ni mo tún ní? Buwọ́ lu ìwé ọ̀gá mi, kó o panu mọ́."

"Tí mi ò bá buwọ́ lù ú ńkọ́?"

"Ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú. Ta ló máa gbà pé o ò mọ̀ sí i?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ìkà!

Inú bí àbúrò gan-an. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń tú àṣírí àwọn tó ń fi dúkìá pamọ́ ní ọ́fíìsì yẹn. Ó kó ìwé náà, ó dìde. Ẹ̀gbọ́n di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní ṣé orí ẹ̀ dàrú ni. Àbúrò já ara rẹ̀ gbà, ó wọlé tọ ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì lọ.

"Sà, mo ti rí ẹni tó ń bá aṣòfin yẹn fi ilé iṣẹ́ òkúta pamọ́."

Ọ̀gá fa bírò yọ. "Ta ni olè náà?"

"Èmi ni, sà."