Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Baba

Bí òyìnbó Jámánì tí ń ra òrí ní Ọjà Gàmbàrí bá fẹ́ sọ ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun lọ́rùn, "man" ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Gàní, ògbufọ̀ rẹ̀ tó kọ́ èdè Jámánì ní Lomé, mọ̀ pé "man" kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe lágbájá. Gbogbo ayé ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí a lè nàka sí. "Wọ́n" ni Gàní ń pè é fún ará ọjà. Ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ẹni tó bá ti ní "wọ́n ní" ti yọ ọwọ́ ara rẹ̀.

Lọ́dún tí ogun àwọn òyìnbó bẹ́, Jámánì ní "man" ń sọ pé ìjọba yóò kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun. Gàní ké e sọ́jà: "Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ yín." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ti sá gba oko lọ. Ògbufọ̀ ìjọba pàápàá sá.

Wọ́n mú Jámánì lọ. Ó ní ohun tí ará ìlú ń sọ lòun sọ. Ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bá ránṣẹ́ pe Gàní, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà.

"Ta ni wọ́n?"

"Ọ̀gá, kì í ṣe ẹnì kan pàtó."

"Ẹni tí kò sí kì í sọ̀rọ̀. Dárúkọ ẹnì kan lọ́la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n."

Ẹ̀rù ba Gàní gidigidi. Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Nàímátù, ẹ dárúkọ Àúdù. Òun kúkú wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó sá."

"Wàláhì, mi ò jẹ́ ṣe é. Ojú wo ni mo máa fi kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Gàní kò dárúkọ ẹnì kankan, ajẹ́lẹ̀ ní kó bi àwọn èrò ọjà tó pé jọ pé ta ló sọ ọ́. Gàní bi wọ́n. Ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn: "Wọ́n ní Gàní ni."

Gàní yíjú wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò, bàbá Àúdù náà ń wolẹ̀.

"Kí ló wí?" ni ajẹ́lẹ̀ béèrè.

Kò sí ògbufọ̀ mìíràn níbẹ̀. Gàní túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, ó sì dúró kí ajẹ́lẹ̀ béèrè pé ta ni "wọ́n".

Ajẹ́lẹ̀ kò béèrè. Ó juwọ́ sí ọlọ́pàá pé kó mú Gàní.