Aago tí Fulera Fi Pamọ́

Lọ́dún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde, tí àwọn tíṣà ń ra rédíò bí ẹni ń ra iṣu, owó náà rìn títí ó fi kan àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Fulera, ìyálé kan ní Àrán-Ọ̀rin, kò mọ ìwé, kò mọ ọ́fíìsì. Irú ló ń sè, irú ló ń tà, àwọn ìyàwó tíṣà ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tà, ó jèrè, ara rẹ̀ yá gágá. Obìnrin yìí sì mọ orin í kọ o! Bó bá ń fọ irú lódò, orin. Bó bá ń gúnyán, orin. Bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ yín ti wọnú orin, àwọn ọmọdé á sì ti máa gbé e káàkiri àdúgbò.

Ràfátù ló máa ń gbe orin náà fún un. Opó àbúrò ọkọ Fulera ni Ràfátù. Ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń se irú: ọ̀kan á máa koná, ọ̀kan á máa fọ̀ ọ́. Bí Fulera bá dá orin, kó tó mí, Ràfátù ti gbè é.

Àwọn ẹgbẹ́ Fulera ń fi èrè wọn ra yẹtí wúrà. Òun náà ti lọ ń wo yẹtí kan lọ́jà Òmù-Àrán kí Ọlábọ̀dé tó ti Èkó dé fún Iléyá. Ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni Ọlábọ̀dé, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Wọ́n ti bí i kí Fulera tó wọlé ọkọ, nítorí náà kì í pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ló ń pè é.

"Ìyàwó wa," ni Akọ̀wé wí, "ẹ fi yẹtí sílẹ̀. Ẹ wo èyí."

Ó ṣí páálí kékeré kan. Aago ọwọ́ ni, wúrà ni, ó sùn sínú òwú funfun bí ọmọ tuntun.

"Siwisaláńdì ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ irú rẹ̀. Ẹ rà á lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ ó rí i bí owó rẹ̀ yóò ti gòkè tó. Ẹ lè fi kọ́lé."

"Ta ni yóò máa yí i létí fún mi?"

"Ẹnikẹ́ni kì í yí i. Kì í jẹ bátìrì. Fúnra rẹ̀ ló ń rìn."

"Ọkọ mi Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe aago ọkùnrin nìyí?"

"Ṣé owó náà ní akọ àti abo ni?"

Fulera rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èrè ọdún méjì ló kà lé Akọ̀wé lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, aago kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ sódò, ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, ó ń fi apá bùbá bò ó, ó sì ń ṣí i bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣí i. Bí wọ́n bá bi í pé aago mélòó ló lù, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn, á tún wo ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ó ti lọ o!" Ràfátù ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ó wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Agbamu, ó sì ní láti lọ jókòó níbẹ̀ títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó bẹ̀rù olè ojú ọ̀nà. Ó bọ́ aago sínú páálí rẹ̀, ó tì í mọ́ àpótí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Ràfátù lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló dé. Kò tíì bọ́ gèlè tó fi ṣí àpótí. Aago dákẹ́ nínú òwú rẹ̀; ẹ̀rù kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sáré yípo nínú rẹ̀ dúró gbagidi.

"Ràfátù! Kí lo fi aago mi ṣe?"

"Aago wo, Ìyálé mi? Èmi ò ṣí àpótí yín."

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ̀yin náà lẹ fún mi."

"Aago tí kì í dúró! O wọ̀ ọ́, o sì jù ú mọ́lẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Bàbá Àgbà, olórí ilé. Gbogbo ilé pé jọ. Fulera gbé páálí sórí ẹní, ó ṣí i kí ojú gbogbo wọn lè rí òkú aago. Ràfátù fi Àlùkùránì búra. Ó tún na ọwọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e wò, Ìyálé mi. Mi ò tilẹ̀ gbé e rí."

Fulera gbá ọwọ́ náà dànù. "Má tún fọwọ́ kàn án!"

Bàbá Àgbà ní kí wọ́n gbàgbé rẹ̀, pé ohun tí a fowó rà ni. Ṣùgbọ́n Fulera kò lè gbàgbé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lódò, níbi tí àwọn obìnrin pọ̀ sí, ó dá orin:

*Ọwọ́ ẹ ló ṣe é o, ọwọ́ ẹ ló ṣe é,*
*Aago tó ń ké bí ẹyẹ,*
*Ràfátù, ọwọ́ ẹ ló ṣe é.*
*Ọlọ́wọ́ burúkú ń bọ̀, ẹ gbé ẹrù yín sá,*
*Ràfátù, ọwọ́ ẹ ló ṣe é.*

Orin náà dùn, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Àwọn ọmọdé gbé e. Láàárín oṣù kan, ó ti dé ọjà Òmù-Àrán. Bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan tó fọ́, wọn á ní, "Ràfátù!" Lọ́jọ́ kan, Ràfátù gbé ọmọ ìkókó Asisat, ìyàwó ilé kejì, kó lè bá a rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Asisat rọra gba ọmọ rẹ̀ padà, ó ní ọmọ fẹ́ mu ọmú. Ọmọ kò sì mu ọmú kankan. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Ràfátù di ẹrù, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ìjàrà-Ìsin. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Fulera ti àpótí pa. Kò gbé aago lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago, torí ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń yọ inú aago gidi, wọn á fi inú ayédèrú rọ́pò. Ó ní wúrà kì í jẹrà, kó máa sùn níbẹ̀. Ó sùn fún ọdún mọ́kànlá.

Ayé yí padà. Owó epo rọ̀ wọ̀ọ̀, náírà já bọ́, ìyàwó tíṣà tó ń ra irú ìkòkò kan wá ń ra ti ṣíbí kan. Lọ́dún tí gbogbo ènìyàn ń pariwo Sáàpù, ìjì òjò kan ṣí òrùlé Fulera láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó lọ bèèrè iye páànù, ó ju agbára rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ páálí, ó sì gba Òmù-Àrán lọ.

Ọ̀gá Ambrose ti ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì hewú.

"Òkú aago ni mo gbé wá," ni Fulera wí. "Ìjì ti ṣí òrùlé mi, ẹ kàn bá mi wo iye tí wúrà ara rẹ̀ bá lè pa."

Ambrose gbé e jáde nínú òwú. Ó fì í lọ, ó fì í bọ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá. Ó gbé e sétí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e sétí Fulera. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́.

"Yéè! Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ìjùwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń mú irú èyí rìn. Bí ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀, kò ní ju ọjọ́ méjì lọ, á dúró. Bí ẹ bá tún gbé e wọ̀, á tún gbéra. Láti ìgbà wo ló ti dúró?"

"Ó... ó tó oṣù kan."

Ambrose ṣí ẹ̀yìn aago, ó ti awò bọ ojú. "Epo inú rẹ̀ ló gbẹ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jù ú mọ́lẹ̀ rí, mo lè búra. Màmá, ẹ ṣe oríire! Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrin, bó bá rí èyí, owó tó máa san á kan ilé yín tán, á sì tún ṣẹ́kù. Ẹ̀yin lẹ gbọ́n o!"

Ó so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí Fulera jó. Ìdí rẹ̀ kò gbéra lórí bẹ́ńṣì.

Nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kejì bo aago mọ́lẹ̀. Lójú rẹ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ní: tà á, kan ilé rẹ, ta ló mọ̀? Ambrose kò mọ Ràfátù. Akọ̀wé kì í wálé mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gbá dànù lórí ẹní ọjọ́ náà ń padà wá sí i lójú. Ká ní ó jẹ́ kí Ràfátù gbé aago náà wò ni, ìṣẹ́jú kan péré, ìbá gbéra lójú gbogbo ilé. Ojú ti Fulera tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ìborùn bo orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn mú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gba Ìjàrà-Ìsin lọ.

Ó bá Ràfátù lábẹ́ àtíbàbà, òun àti obìnrin bíi mẹ́fà, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Irun Ràfátù ti funfun. Kò dìde.

"Ìyàwó mi," ni Fulera wí, "jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyálé mi. Ẹ̀yìnkùlé kẹ̀? Èyí tí ẹ wí lọ́jọ́sí, ṣé ẹ̀yìnkùlé lẹ ti wí i?"

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jàrátù gbójú sókè. "Ta nìyí?"

"Olórin ni," ni Ràfátù dáhùn. "Òun ló ni 'Ọwọ́ ẹ ló ṣe é.'"

"Háà! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Màmá, orin yín mà dé ibí o! A ò kúkú mọ̀ pé Ràfátù tiwa ni wọ́n fi kọ!"

Ọ̀bẹ gbogbo dúró. Fulera, ìyálé, kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́ níwájú ìyàwó.

"Aago náà kò kú," ni ó wí. "Mo bọ́ ọ sílẹ̀, ló fi dúró. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, èmi ni mi ò mọ̀. Ìwọ kò fọwọ́ kàn án. Mo purọ́ mọ́ ọ, mo sì fi orin lé ọ kúrò nílé. Jọ̀ọ́."

Ràfátù bó ẹ̀gẹ́ kan tán. "Ó ń rìn báyìí?"

"Ó ń rìn."

"Ẹ gbé e wá."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbà á, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ó dára o." Ó dá a padà. "Bàbá Àgbà ńkọ́?"

"Ó ti kú. Ó di ọdún mẹ́fà."

"Ìyá ọkọ wa ńkọ́?"

"Òun náà ti lọ."

"Wọ́n lọ pẹ̀lú èrò pé mo fi Àlùkùránì búra èké." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, Ìyálé mi. Ẹ dìde. Ṣùgbọ́n orin yẹn ńkọ́? Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni mo gbọ́ ọ lọ́jà, lẹ́nu ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn. Ẹ lọ gbà á padà."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba orin padà?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ orin í kọ."

Lọ́jọ́ ọjà, Fulera dúró láàárín àwọn aláta ní Àrán-Ọ̀rin. Ó dá orin:

*Ẹnu mi ló ṣe é o, ẹnu mi ló ṣe é,*
*Aago ò kú, irọ́ ni mo pa,*
*Fulera, ẹnu ẹ ló ṣe é.*
*Mo lé ẹni ire sá kúrò nílé,*
*Fulera, ẹnu ẹ ló ṣe é.*

Kò sẹ́ni tó gbè é. Aláta kan ní, "Ṣé kò sí nǹkan o, Ìyá?" Ó tún un kọ. Ó lọ sídìí àwọn eléwé, ó kọ ọ́ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà Asisat títí Asisat fi wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn. Ọjà kẹta ni àwọn ọmọdé tó gbà á, wọ́n ń jó sí i.

Ó ta aago ní Ìlọrin. Owó náà pọ̀ bí Akọ̀wé ti wí. Páànù tuntun ń kọ mànà lórí ilé, àwọn ará àdúgbò sì ń wọlé wá kí i: "Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin lẹ ríran!" Ilẹ̀ ni Fulera máa ń wò bó bá ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó ṣe, awakọ̀ kan láti Ìjàrà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ràfátù ní kí n sọ fún Ìyálé òun pé orin tuntun ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó ní kí ẹ má tíì dákẹ́."

Kò dákẹ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, òun àti ìyàwó tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílé jọ ń fọ irú lódò. Wosilat ni orúkọ ìyàwó náà, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ń kọ orin náà tagbára-tagbára.

"Ìyá," ni Wosilat wí, "ta ni Fulera tí wọ́n ń kọ yìí? Ó mà burú o!"

Kò sí ìyàwó tuntun tó ń mọ orúkọ ìyálé. Omi ń ṣàn. Fulera lè sọ pé ará Agbamu ni, tàbí ẹni tó ti kú tipẹ́.

"Èmi ni," ni ó wí.

Wosilat ju asẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́ sínú omi. "Háà! Ẹ dákun, Ìyá mi! Mi ò mọ̀! Ẹ má bínú!"

"Dìde, ìró rẹ ń tutù." Ojú Fulera gbóná bí ẹni tó ń koná. "Ìlà kẹrin ni o ń ṣì kọ. Kì í ṣe 'ó lé ẹni ire.' 'Mo lé ẹni ire' ni. Gbọ́ ọ dáadáa."

Ó sì dá orin náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.