Orúkọ Deok-soe Nínú Ìwé Ìtàn Agbègbè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Pyo Myeong-hui ti ń bójú tó ìwé ìwádìí tí ilé ìtàn agbègbè wọn ń tẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ẹ̀. Àfi ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àròkọ tó dá wàhálà sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé láyé ọba àtijọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan ya wọ àfonífojì wọn, kì í ṣe Guk Yeon, ọlọ́lá tí òkúta ìrántí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé, ló di ẹnubodè mú. Ẹrú rẹ̀ ni, Deok-soe, ó sì kú síbẹ̀.

Àwọn àgbà ìdílé Guk gbọ́ nípa àròkọ náà kí ìwé tó jáde, wọn ò sì jẹ́ kó pẹ́. Àwọn mẹ́rin ló wá. Olórí wọn, Guk Byeong-ho, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó kù ló ń pariwo.

"Ẹrú kẹ̀? Ṣé ẹrú ló bí wa ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìwé ìjọba ayé ìgbà yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé ẹ ń sọ̀rọ̀! Ní kó wá bá wa jẹ oúnjẹ ọ̀sán."

Ọ̀gá Ok, olùdarí ilé náà, tí ẹ̀rù àwọn àgbà máa ń bà gan-an, ní tí ìdílé Guk ò bá gbà títí Ọjọ́bọ̀, wọ́n á yọ àròkọ náà.

"Ọ̀gá, tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ yọ orúkọ tèmi náà kúrò lára èèpo ìwé," ni Myeong-hui wí.

Byeong-ho ní kí wọ́n fi ìwé ìjọba náà han òun. Ó fi ìka tọ àwọn lẹ́tà àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkàn Myeong-hui bàjẹ́. Ìlà méjì péré ló kù láyé nípa Deok-soe. Tí wọ́n bá tún bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Byeong-ho nìkan ló padà wá. Ó tú aṣọ tó fi di ìwé kan.

"Ohun tí Guk Yeon ń kọ lójoojúmọ́ nìyí. Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ ka oṣù kẹrin. Mo kà á nígbà tí mo pé ogún ọdún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rù ú."

Myeong-hui kà á: *Mo sá gun òkè. Deok-soe dúró. Kí àwọn ọmọ mi má gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.*

"Àwa ọmọ ẹ̀ sì gbà á," ni bàbá náà wí. "Ó lé ní irinwó ọdún."

Omijé bọ́ lójú Myeong-hui. "Bàbá, ṣé kí n tẹ èyí náà?"

"Tẹ̀ ẹ́! Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdílé Guk ló mú un wá. Baba ńlá tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ òtítọ́ nípa ara ẹ̀, ìdílé mélòó ló ní irú ẹ̀?" Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tán pátápátá.

"Àwọn bàbá yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n á pariwo, á sì rẹ̀ wọ́n." Ó mú bírò. "Ọjọ́ wo gan-an ni Deok-soe kú?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"Kò bímọ, kò sẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ ìrántí òkú kalẹ̀ fún un lọ́dọọdún tí ọjọ́ tó kú bá pé. Láti ọdún yìí lọ, ilé wa ni yóò ti máa jẹun."