Ọmọ tí Wọ́n Fẹ́ Sọ ní Yétúndé

Ní oṣù Kejì ọdún 1979, ní ìlú Òkákà, Àwáwù, aya Ràsáàkì àgbẹ̀ oníṣu, bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin. Àpọ́nlé, ìyá Àwáwù, kò tíì lo oṣù mẹ́ta ní ibojì. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni ó ń kí ọmọ náà pé, “Ìyá, ẹ káàbọ̀!” Wọn a sì rẹ́rìn-ín. Àwáwù nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àwáwù wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ojú rẹ̀ ni Àpọ́nlé ṣe tẹ orí Àmúdà, àbúrò rẹ̀ jòjòló, mọ́ inú àmù omi, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ẹni pé ẹ̀yìn ni ó pọ̀n ọ́n sí. Ìyá Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n Àpọ́nlé, ni ó yọ òkú ọmọ náà, tí ó fi ìró rẹ̀ nù ún gbẹ, tí ó sì kọjú sí Àwáwù: “Gìrì ni. Ṣé o gbọ́?”

Ìyá Ràmọ́nì yìí kan náà ni ó wá ń wẹ ọmọ tuntun.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà fi ọmú sílẹ̀, ó sì fi ohùn Àpọ́nlé sọ̀rọ̀: “Àwáwù, òùngbẹ ń gbẹ mí. Gbé mi dé ìdí àmù.”

Àwáwù sọ ọ́ fún Ìyá Ràmọ́nì. Ojú obìnrin náà yí padà.

“Oorun ni ó ń kùn ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.”

Ní ọjọ́ karùn-ún, ní ọ̀sán gangan, Àwáwù bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nídìí àmù. Ẹsẹ̀ ọmọ ti wà nínú omi. Kò mọ ìgbà tí ó dìde lórí ẹní.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Alùfáà béèrè orúkọ ọmọ.

“Ẹ tún ń béèrè ni, Alùfáà?” ni Ìyá Ràmọ́nì wí. “Yétúndé ni! Ẹ wo bí ó ṣe di ọmú mú. Ahun ni Àpọ́nlé láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Àwáwù, kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ!”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwáwù kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú Ràsáàkì ni ó kúnlẹ̀ sí, ó sì na ọmọ sí i.

“Ẹ gbà á. Ẹ má ṣe fi òun àti èmi nìkan sílẹ̀, kí n má baà rì í bí wọ́n ti rì Àmúdà.”

“Gìrì ni ó pa Àmúdà!” ni Ìyá Ràmọ́nì kígbe.

“Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀,” ni Alùfáà wí.

“Ìyá mi ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ omi. Àbísínwín ni ó ń ṣe é. Ó ti ń ṣe èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan mọ̀. Ó nù ún gbẹ, ó ní gìrì ni, kò sì jẹ́ kí a wá ìwòsàn fún ìyá mi títí ó fi kú.”

“Ta ni?” ni Alùfáà béèrè.

Àwáwù gbé ojú sókè.

“Ẹ̀yin ni, Ìyá Ràmọ́nì.”